Ta Ni Yóò Máa Gbé Oúnjẹ fún Màmá?

Ní gbogbo ọjọ́ Sátidé, bí agogo ẹnu ọ̀nà bá ti dún, kí Afusat tó dé ìdí ilẹ̀kùn ni inú rẹ̀ á ti bàjẹ́. Ó mọ ẹni tó wà níta. Ó mọ̀ pé bí òun bá ṣílẹ̀kùn, Amirah, ìyàwó àbúrò ọkọ òun, á kúnlẹ̀ síbẹ̀, kúlà oúnjẹ á wà lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ̀rín á sì wà lẹ́nu rẹ̀.

“Ẹ káàárọ̀, Auntie mi. Ṣé dáadáa lẹ jí? Mo ní kí n gbé nǹkan díẹ̀ wá fún Màmá.”

“O ṣeun. Gbé e wọlé.”

Nǹkan díẹ̀! Kúlà tó jẹ́ pé bí wọ́n bá kún un fún ìrẹsì, á yó gbogbo ẹni tó wá síbi ìkómọ.

Ẹni tó bá ti gbé ilé ọkọ rí mọ ohun tó ń dun Afusat. Bí ìyá ọkọ bá ń gbé lọ́dọ̀ ìyálé ẹni, a kì í se oúnjẹ láti ilé wá fún un. Bí a bá fẹ́ ṣe ìyá lóore, à á ra ẹran tàbí ẹja, à á gbé e fún ìyálé, ìyálé á sè é, oore á sì di ti gbogbo ilé. Ṣùgbọ́n kí ènìyàn gbé oúnjẹ tó ti jinná wọ ilé tí iná ń jó nínú ìdáná rẹ̀, ó dà bí ìgbà tó ń kéde fún àdúgbò pé obìnrin ilé náà kò mọ oúnjẹ í sè. Afusat sì ni ìyálé. Lékan ọkọ rẹ̀ ni àkọ́bí Màmá, Àlhájà Sìdí, Yẹmí ọkọ Amirah ni àbígbẹ̀yìn. Afusat ti pẹ́ nínú ẹbí náà nígbà tí Amirah ṣì ń wọ yunifọ́ọ̀mù ilé ẹ̀kọ́.

Síbẹ̀, kì í ṣe kúlà ló ń ká a lára jù. Màmá ni. Nígbà tí Amirah kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀, Màmá á fi ṣíbí tọ́ oúnjẹ náà wò, á fa ojú ro bí ọmọ tí wọ́n rọ àgbo sí lẹ́nu. “Amirah, ṣé iyọ̀ lo gbàgbé ni àbí ṣúgà?” Afusat á yíjú sí ògiri kó lè rí ààyè rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n nígbà tó yá, oúnjẹ náà mọ́ Màmá lẹ́nu. Ẹ̀wà tí kò ní epo púpọ̀, ẹ̀kọ, ẹja tí wọ́n fi ata àti àlùbọ́sà sè, àti sóbò pupa nínú ìgò ńlá, tí kò sí ṣúgà nínú rẹ̀ àfi atalẹ̀ àti dàbínù. Lọ́jọ́ Jímọ̀ọ̀ kan, Màmá jókòó sórí àga rẹ̀ létí fèrèsé, ó pe Afusat, ó ní:

“Ìyá Anisah, ṣé ọ̀la kọ́ ni Sátidé?”

“Ọ̀la ni, Màmá.”

“Háà, ó dáa. Ìyàwó kékeré ń bọ̀ nìyẹn.”

Ìyàwó kékeré! Bí Màmá ṣe pè é, ó dà bí ẹni tó fi oyin sí i. Afusat wọ ìdáná lọ, ó fọ abọ́ tó ti mọ́ tẹ́lẹ̀.

Kì í ṣe pé Afusat burú. Yemẹtu ní Ìbàdàn ni wọ́n bí i sí. Ìyá rẹ̀ kú nígbà tí kò tíì lè di irun orí ara rẹ̀. Ọwọ́ ìyàwó bàbá rẹ̀ ló dàgbà sí, níbi tí wọ́n ti máa ń bu oúnjẹ fún gbogbo ọmọ tán kí wọ́n tó rántí pé òun náà wà níbẹ̀. Nígbà tó délé ọkọ, ní ọjọ́ tí Àlhájà Sìdí kọ́kọ́ bu oúnjẹ lójú rẹ̀, tirẹ̀ ni ìyá náà kọ́kọ́ gbé fún un, kó tó bu ti àwọn ọmọ bíbí inú rẹ̀. Afusat gbé abọ́ náà wọ kọ̀rọ̀, ó jẹ ẹ́ pẹ̀lú omijé. Láti ìgbà náà ló ti gbà pé ìyá tí Ọlọ́run gbà lọ́wọ́ òun, ó ti dá a padà.

Nígbà tó bí Anisah ní Woolwich, ní London, Màmá wá láti Ìbàdàn wá wẹ ọmọ. Nígbà tí Bàbá kú, ó padà wá, ó sì dúró lọ́dọ̀ wọn ní Thamesmead. Anisah ti lọ sí yunifásítì ní Leicester báyìí. Lékan ń wa bọ́ọ̀sì. Afusat fúnra rẹ̀, iṣẹ́ ìtọ́jú àwọn arúgbó ló ń ṣe. Ó ń wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Belvedere, láti ilé arúgbó kan sí òmíràn, ó ń wẹ̀ wọ́n, ó ń wọṣọ fún wọn, ó ń bọ́ wọn. Ṣùgbọ́n ìyá ẹlòmíràn ni gbogbo wọn. Kó tó jáde nílé, ó di dandan kó kọ́kọ́ gbé oúnjẹ àárọ̀ ka iwájú ìyá tirẹ̀.

Nígbà tí dókítà sọ pé Màmá ní ìtọ̀ ṣúgà, kò sí ẹni tó tètè gbọ́rọ̀ bíi Afusat. Lọ́jọ́ náà gan-an ló kó agolo ṣúgà, oyin àti bisikíìtì dànù. Ó wá lọ sí ilé ìtajà ńlá kan ní Woolwich, ó dúró pẹ́ níwájú àwọn páálí, ó ń wá èyí tó dára fún ìyá rẹ̀. Ó rí kọ́nfíléèkì kan tí páálí rẹ̀ jẹ́ aláwọ̀ ewé. Wọ́n ya ọkàn pupa sí i lára, wọ́n ya obìnrin arúgbó onírun funfun kan tó ń sáré létí òkun, eyín rẹ̀ pé pérépéré. Wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà pé odindi ọkà ni, pé ọ̀rá inú rẹ̀ kò tó nǹkan, pé ọkàn ènìyàn á gbádùn rẹ̀. Ó ti rí i lórí tẹlifíṣọ̀n. Ó ti rí i lára ibi tí wọ́n ti ń dúró de bọ́ọ̀sì. Ó rà á. Ó tún ra yọ́gọ́ọ̀tì aláwọ̀ òféèfé tí wọ́n kọ sí ìdérí rẹ̀ pé kò sí ọ̀rá kankan níbẹ̀. Iwájú páálí ló máa ń kà. Ẹ̀yìn páálí, lẹ́tà ibẹ̀ kéré bí ẹsẹ̀ èèrà. Ta ló ráyè?

Ní ti mọ́ọ̀tì, kò sí ẹni tó ní láti kéde ìyẹn fún un. Gbogbo ènìyàn ló mọ̀ pé ẹ̀jẹ̀ ni mọ́ọ̀tì ń fúnni. Òun ni wọ́n fi ń kí abiyamọ, òun ni wọ́n ń gbé lọ bá ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lórí ibùsùn àìsàn. Nígbà tí wọ́n ń sọ ọ́ lórí rédíò pé ìjọba fẹ́ gba owó orí lórí àwọn ohun mímu tó kún fún ṣúgà, Afusat mi orí. “Wọ́n jàre,” ló wí. “Nínú ilé tiwa, a kì í mu mínírà. Mọ́ọ̀tì là ń mu.”

Báyìí ló ṣe ń tọ́jú Màmá, ọkàn rẹ̀ sì balẹ̀, títí kúlà fi bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé.

Lewisham ni wọ́n bí Amirah sí. Ìdáná ilé ẹ̀kọ́ kan ní Abbey Wood ló ti ń ṣiṣẹ́, ó ń se oúnjẹ ọ̀sán fún àwọn ọmọ. Yorùbá rẹ̀ máa ń kọsẹ̀, ṣùgbọ́n ìkúnlẹ̀ rẹ̀ kì í kọsẹ̀, ìkúnlẹ̀ yìí gan-an ló sì ń bí Afusat nínú. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tí wọ́n bí sílùú yìí, wọ́n á juwọ́ sí àgbà, wọ́n á kọjá lọ. Èyí ní tirẹ̀, orúnkún méjèèjì ni á fi kanlẹ̀.

“Àṣejù ni,” Afusat sọ fún ọkọ rẹ̀. “Ẹni tó ń kúnlẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, ó ní nǹkan tó ń wá nílẹ̀.”

“Kí ló fẹ́ máa wá?” Lékan bi í.

“Màmá ni.”

“Ìyá Anisah, jọ̀ọ́, jẹ́ kí n jẹun.”

Lẹ́yìn tí Amirah bá lọ, Afusat á ṣí kúlà, á bu ẹ̀wà náà sẹ́nu láti wá àbùkù rẹ̀. Àbùkù kò sí. Á bu òmíràn, bóyá ìyẹn á ní. Àwọn àgbà ní òjòwú kò lẹ́ran láyà, ṣùgbọ́n ti Afusat yàtọ̀. Ara rẹ̀ ń sanra sí i nídìí àbùkù tó ń wá.

Ó wá pinnu pé kí Sátidé tó dé, inú Màmá gbọ́dọ̀ ti kún fún ìfẹ́ tòun. Abọ́ kọ́nfíléèkì tó máa ń bù ní ìdajì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bù ú kún. Yọ́gọ́ọ̀tì àárọ̀ di ti àárọ̀ àti ọ̀sán. Mọ́ọ̀tì tí Màmá máa ń mu lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan di ohun ojoojúmọ́.

“Ìyá Anisah, o fẹ́ kí n bẹ́ ni?” Màmá á wí, á sì gba ìgò náà.

“Ẹ mu ún, Màmá. Kí ẹ lè lẹ́jẹ̀.”

Kò pẹ́ tí Màmá fi bẹ̀rẹ̀ sí í mu omi bí ilẹ̀ ẹ̀ẹ̀rùn. Ó ń lọ ilé ìtọ̀ lemọ́lemọ́. Ó ní ẹsẹ̀ ń ta òun bí ẹni pé èèrùn ń gùn ún. Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò ní kílíníìkì ní Woolwich, ṣúgà rẹ̀ ti gòkè jìnnà sí ibi tó wà tẹ́lẹ̀. Dókítà ní bí kò bá lọ sílẹ̀, abẹ́rẹ́ ló kù.

Ẹ̀rù ba Afusat, ẹ̀rù tòótọ́. Ṣùgbọ́n lábẹ́ ẹ̀rù náà, nǹkan kékeré kan wà nínú rẹ̀ tó ń jó.

“Dàbínù!” ló sọ fún Lékan kí ó tó bọ́ bàtà. “Ṣé mi ò sọ fún ẹ? Kí la fi ń ṣínu nínú oṣù ààwẹ̀ bí kò ṣe dàbínù, nítorí pé ó dùn? Òun ni ìyàwó àbúrò ẹ ń rọ sínú sóbò fún ẹni tó ní ìtọ̀ ṣúgà!”

Lékan gbé ọ̀rọ̀ náà fún Yẹmí lórí fóònù. Inú bí Yẹmí. Ó ní bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, kí Màmá wá máa gbé lọ́dọ̀ àwọn ní Plumstead, kí Amirah máa bọ́ ọ lójoojúmọ́, gbogbo ẹbí á wá mọ oúnjẹ ẹni tó ń gbé ṣúgà sókè. Wọ́n fi ìpàdé sí ọjọ́ Àìkú.

Òkò tí Afusat sọ ti padà wá bà á. Ó wo àga Màmá létí fèrèsé, ó fojú inú rí i láìsí ẹnikẹ́ni lórí rẹ̀. Ó wo Amirah nínú ọkàn rẹ̀, tó ń gbé oúnjẹ àárọ̀ ka iwájú Màmá, tí Màmá ń pè é ní ìyàwó kékeré láràárọ̀. Rárá o. Ó ní láti rí ẹ̀rí tí ẹnikẹ́ni kò ní lè jà níyàn. Ó bu sóbò Amirah sínú ìgò kékeré kan. Ó tún mú páálí kọ́nfíléèkì, ife yọ́gọ́ọ̀tì kan àti ìgò mọ́ọ̀tì kan sínú báàgì, kí ìyàtọ̀ lè hàn, ó sì wọ bọ́ọ̀sì 472 lọ sí Woolwich.

Nọ́ọ̀sì Ṣọlápé ló máa ń rí sí àwọn onítọ̀ ṣúgà ní kílíníìkì náà. Ọmọ Ìjẹ̀bú ni, ó sì mọ Afusat dáadáa.

“Nọ́ọ̀sì, ẹ dákun, ẹ bá mi yẹ èyí wò. Ohun tí ìyàwó wa ń gbé fún Màmá nìyí.”

Ṣọlápé ṣí ìgò náà, ó gbóòórùn rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín. “Sóbò. Kí ni wọ́n fi sí i?”

“Dàbínù!” Afusat sọ ọ́ bí ẹni tó ń tọ́ka olè fún ọlọ́pàá.

“Mélòó?”

“Òun ní méjì. Ta ló bá a kà á?”

“Méjì nínú ìgò ńlá, ife kan lọ́jọ́ Sátidé. Auntie, dàbínù ní ṣúgà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìyẹn ò lè gbé ẹ̀jẹ̀ Màmá débi tó wà yẹn. Kí ni wọ́n ń jẹ láwọn ọjọ́ yòókù?”

Ìbéèrè tí Afusat ń dúró dè nìyí. Ó kó gbogbo ohun inú báàgì rẹ̀ jáde, ó tò wọ́n sórí tábìlì, ó kọ ojú páálí sí nọ́ọ̀sì. “Èmi ò fi ọ̀rọ̀ Màmá ṣeré.”

Ṣọlápé gbé páálí náà, ó yí ẹ̀yìn rẹ̀ síwájú. Ó kà á. Ó ka ti yọ́gọ́ọ̀tì. Ó ka ti mọ́ọ̀tì. Ó na ọwọ́ sí ìgò ṣúgà kan tó fi ń kọ́ àwọn aláìsàn, ó mú ṣíbí tíì àti àwo mẹ́ta.

“Abọ́ tí ẹ fi ń bù fún wọn, báwo ló ṣe tó?”

Afusat fi ọwọ́ méjèèjì ṣàpèjúwe rẹ̀, ó tilẹ̀ fẹ̀ ẹ́ díẹ̀ kí wọ́n lè mọ̀ pé òun kò láhun.

Ṣọlápé bu iye ṣúgà tó wà nínú abọ́ kọ́nfíléèkì kan sínú àwo kìíní. Ó bu ti yọ́gọ́ọ̀tì sínú ìkejì, ó pọ̀ ju ti kìíní lọ. Nígbà tó kan mọ́ọ̀tì, ó bù, ó bù, ó tún bù. Afusat rò pé ó ti gbàgbé ara rẹ̀.

“Ó tó o, Nọ́ọ̀sì.”

“Kò tíì tó, Auntie.” Ó tún bù kún un.

“Mọ́ọ̀tì? Mọ́ọ̀tì tó ń fúnni lẹ́jẹ̀?”

“Ta ló sọ fún yín?”

“Gbogbo ayé!”

“Ìyá tèmi náà sọ bẹ́ẹ̀ fún mi. Nígbà tí mo bímọ, mọ́ọ̀tì tí wọ́n gbé wá kí mi fẹ́rẹ̀ẹ́ lé èmi àti ọmọ kúrò nínú yàrá.”

Afusat fi ìka tọ́ iwájú páálí. “Wọ́n kọ ọ́ síbí pé ó dára fún ọkàn. Ẹ wo ìyá arúgbó tó ń sáré yìí.”

“Wọ́n sanwó fún un kó sáré ni, Auntie.” Ohùn Ṣọlápé rọ̀. “Wọn ò parọ́ fún yín. Wọ́n ní kò sí ọ̀rá, kò sì sí ọ̀rá lóòótọ́. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá yọ ọ̀rá tán, oúnjẹ náà á tẹ́ lẹ́nu, ẹ ò ní padà wá rà á. Wọ́n á wá fi ṣúgà rọ́pò rẹ̀. Ohun tí wọ́n fẹ́ kí ẹ rí ni wọ́n ń kọ síwájú. Èyí tí òfin fi dandan lé, ẹ̀yìn ni wọ́n ń kọ ọ́ sí.”

Afusat wo àwo mẹ́ta náà. Ó ń rò ó pé àárọ̀ kan ṣoṣo nìyí, ó sì ń rántí iye àárọ̀ tí òun ti gbé abọ́ kalẹ̀. Ẹni tí wọ́n ní kó fẹ́ni lójú, ata ló ti wà lẹ́nu rẹ̀ látòní, kò sì mọ̀.

Nínú bọ́ọ̀sì tó ń gbé e padà sílé, ó gbé báàgì náà sórí itan bí ẹni tó gbé ọmọ olójòjò. Ìtìjú kọ́kọ́ dé. Lẹ́yìn ìtìjú ni èrò mìíràn tẹ̀ lé e. Ta ló mọ̀? Ṣọlápé kò ní wá sí ìpàdé ẹbí. Bí òun bá dákẹ́, tí òun sì rọra pa oúnjẹ Màmá dà, ṣúgà rẹ̀ á lọ sílẹ̀. Amirah náà á ti dẹ́kun kúlà gbígbé. Gbogbo ènìyàn á wá wí pé, ẹ ò rí i, sóbò yẹn náà ni. Màmá á sì jókòó síbi tó jókòó sí. Ètò náà gún débi pé ẹ̀rù ara rẹ̀ bà á. Ṣùgbọ́n kò sọ ọ́ nù.

Lọ́jọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìrun Alásárì, wọ́n pé jọ sí pálọ̀. Màmá wà lórí àga rẹ̀. Lékan tún fìlà ṣe bí adájọ́.

“Amirah, a ò bínú sí ẹ. Ṣùgbọ́n ohun tí dókítà sọ, gbogbo wa la gbọ́. Sóbò yẹn gbọ́dọ̀ dúró.”

“Bọ̀ọ̀dá mi, kí ni ẹ̀rí yín?” Yẹmí bi í.

“Dàbínù ni ẹ̀rí. Ṣé dàbínù korò ni?”

Amirah la ẹnu. Ó wo Afusat. Ó pa ẹnu rẹ̀ dé. Ó sọ̀kalẹ̀ lórí àga, ó kúnlẹ̀ sórí kápẹ́ẹ̀tì. “Ẹ má bínú, Daddy Anisah. Tó bá jẹ́ pé èmi ni mo ṣe é, ẹ jọ̀ọ́, ẹ foríjì mí, Màmá.” Ohùn rẹ̀ já. Omijé sì bọ́.

Afusat jókòó jẹ́ẹ́. Ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ nínú rẹ̀. Ìṣẹ́jú díẹ̀ sí i, ọ̀rọ̀ á parí.

Nígbà náà ni Màmá tẹ̀ síwájú lórí àga, ó fa orí Amirah mọ́ orúnkún rẹ̀. “Dákẹ́, ọmọ mi. Ọwọ́ rere lo fi sè é. Ta ló ń bá ọ wí? Dákẹ́, aya Yẹmí.” Ó fi etí ìborùn rẹ̀ nu omijé ojú rẹ̀, ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún, ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì.

Ó kan Afusat ní ibi tí kò rò. Màmá kò nu omijé ojú òun rí. Báwo ni ì bá ṣe nù ún? Kọ̀rọ̀ ni òun ti máa ń sunkún. Èyí kò ṣẹ̀ rárá, ó sì ń gba ìtùnú ẹlẹ́ṣẹ̀. Òun tó ṣẹ̀ jókòó síbí, kò sí ìborùn tó kàn án lójú. Owú tí kò fi í sílẹ̀ láti ọ̀pọ̀ Sátidé ru sókè lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó sì là á lẹ́nu.

“Ẹ fi í sílẹ̀, Màmá! Kì í ṣe òun! Kí ló dé tí ẹ ń rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún lórí ohun tí kò ṣe? Èmi ni! Èmi ni mo ń fún yín ní ṣúgà láràárọ̀! Bí ẹ bá fẹ́ rẹ ẹnikẹ́ni lẹ́kún, èmi ló tọ́ sí!”

Yẹmí ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tó bọ́ lẹ́nu rẹ̀ láìròtẹ́lẹ̀, Lékan sì fojú bá a wí. Afusat sọ gbogbo rẹ̀, páálí, yọ́gọ́ọ̀tì, mọ́ọ̀tì, àwo mẹ́ta. Omijé rẹ̀ ń dà, kò sì wá kọ̀rọ̀.

“Páálí aláwọ̀ ewé yẹn?” Màmá bi í.

“Òun ni, Màmá.”

“Mo mọ̀ pé ó dùn. Mo rò pé wọ́n ti rí ṣúgà tí kì í pani nílùú yìí ni.”

Amirah gbé orí sókè. “Auntie, mo mọ̀,” ló wí jẹ́jẹ́. “Mo rí páálí yẹn lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ wọ ìdáná yín. Níbi iṣẹ́ wa, wọn ò jẹ́ kí a fún àwọn ọmọ nírú ẹ̀ mọ́.”

“O mọ̀? Kí ló dé tó ò sọ fún mi?”

“Mummy mi ní kí n má tọ́ ìyálé mi sọ́nà láé. Wọ́n ní tí nǹkan bá dùn mí, kí n fi ọwọ́ mi sọ ọ́, kí n má fi ẹnu sọ ọ́. Mo wá ń se oúnjẹ wá. Mo rò pé tí Màmá bá jẹ tèmi, wọn ò ní jẹ ìyẹn.”

“Kúlà yẹn lo fi ń bá mi sọ̀rọ̀?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, Auntie.”

“Ìwọ tí wọ́n bí sí Lewisham!” Afusat pariwo, ó tún fẹ́rẹ̀ẹ́ rẹ́rìn-ín. “Gbogbo ọmọ tí wọ́n bí síbí ló mọ àgbà í yájú sí. Kí ló dé tí ìwọ ò lè yájú sí mi díẹ̀?”

Màmá gbé ọwọ́ sókè, gbogbo wọn sì dákẹ́. Ó ní òun ń lọ sí Plumstead, títí wọ́n á fi tún ẹ̀jẹ̀ òun yẹ̀ wò.

“Màmá,” Afusat bẹ̀rẹ̀.

“Gbọ́, Ìyá Anisah. Ìwọ ò lè rí mi kó o má wá nǹkan dídùn fún mi. Èmi náà ò lè rí nǹkan lọ́wọ́ rẹ kí n sọ pé rárá. Àwa méjèèjì la máa para wa.” Ó na ọwọ́ sí i, ó fi ìborùn nu ojú tirẹ̀ náà. Etí kan náà tó ti tutù pẹ̀lú omijé Amirah ló fi nù ún. Afusat kíyè sí i, ó sì dùn ún, ṣùgbọ́n kò gbé ojú kúrò.

Òun fúnra rẹ̀ ló di ẹrù Màmá. Ó ká ìró lọ́kọ̀ọ̀kan, ó di ẹní ìkírun sí òkè kí wọ́n má baà wá a tì. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà títí ọkọ̀ Yẹmí fi yà ní ìgun.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó ti gbé abọ́ kalẹ̀ kó tó rántí. Ní Plumstead, ẹlòmíràn ń gbé abọ́ kalẹ̀ nísinsìnyí. Ó lọ síbi iṣẹ́. Ní Belvedere, nínú ìdáná Phoebe, arúgbó òyìnbó kan tó ń tọ́jú, ó bẹ̀rẹ̀ sí í yí gbogbo páálí sẹ́yìn láti kà wọ́n, ó fi ojú súnmọ́ lẹ́tà wọn. Phoebe bi í pé kí ló ń wá níbẹ̀. Ó ní òun ń wá ibi tí wọ́n fi òótọ́ pamọ́ sí.

Kò pe Plumstead. Ó ní bí wọ́n bá nílò òun, wọ́n mọ nọ́ńbà òun. Lékan a máa mú ìròyìn wá pé Màmá wà dáadáa, pé ó ti ń sùn, pé kò mu omi bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Afusat á ní, “Alhamdulilahi,” ó sì ń tinú wá. Á tún bi í pé, “Wọn ò bèèrè mi?”

Lọ́jọ́ Ọjọ́bọ̀, fóònù rẹ̀ dún bó ṣe ń bọ́ aṣọ iṣẹ́. Amirah ni.

“Auntie, ẹ jọ̀ọ́, Màmá ò jẹun.”

“Kí ló ṣe wọ́n?”

“Kò ṣe wọ́n. Mo se ilá. Wọ́n ní kò yọ̀. Wọ́n ní ó dúró nínú abọ́ bí ẹni tó ń bínú. Wọ́n ní ẹ̀yin nìkan lẹ mọ bí wọ́n ṣe ń se ilá nínú ilé yìí.”

Afusat jókòó sórí àtẹ̀gùn. Ohun tó gba inú rẹ̀ kọjá gbóná, ó sì dùn, kò sì sí ṣúgà kankan nínú rẹ̀. “Wọ́n sọ bẹ́ẹ̀?”

“Wọ́n sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Auntie, ẹ sọ fún mi lórí fóònù. Mo ti mú bírò, mo máa kọ gbogbo ẹ̀ sílẹ̀.”

Afusat ti ń wọ bàtà rẹ̀ padà. “Ta ló ní kó o kọ nǹkan sílẹ̀?” ló wí. “Ṣé o fẹ́ gba gbogbo ẹ̀ tán lọ́wọ́ mi ni? Jìnnà sí ìkòkò yẹn. Mo ń bọ̀.”